Ènì Tí Ó Yí Padà: Èrò Wa Lórí Owó Ìdúpẹ́ Ní Ilé Ìtajà

  Nígbà tí wọ́n ní kí a kọ ohun kan sínú ìwé àjọ̀dún yìí, a rò pé ìwàásù ni a ó kọ, nítorí iṣẹ́ wa nìyẹn láti ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa ní ilé ìtajà kan ní Lekki tí kò jẹ́ kí ọkàn wa sinmi. Ọ̀rọ̀ owó kékeré ni, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní tíìpù, tí àwa yóò sì máa pè ní owó ìdúpẹ́. Bí owó náà ti kéré tó, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò kéré.

Kí a tó dé Lekki, ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí òfin kan. Àwọn tí a jọ wà níbí láàárín ọdún 1970 sí 1980 yóò rántí ọjọ́ ìbẹ̀wò. Bí ọkọ̀ òbí kan bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, àwa ọmọ kéékèèké ni a máa ń sáré lọ gbé ẹrù: garawa, gàrí, àpò aṣọ, ìkòkò ọbẹ̀ tí ìyá kan gbé ti ilé wá. Kí àwọn àlejò tó dé ni a ti máa ń gbọ́ ìkìlọ̀ lórí ìlà ní òwúrọ̀: ẹ kí wọn, ẹ bá wọn gbé ẹrù, ẹ má na ọwọ́. Owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn ni, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, kọ́bọ̀ mẹ́wàá sì jẹ́ owó gidi lójú wa. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá ká owó àlejò mọ́ lọ́wọ́ yóò fi àdá gé koríko títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi bó. A kórìíra òfin náà nígbà náà. Nígbà tí a dàgbà, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi yangàn pé àwa kò kọ́ àṣà títọrọ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ìyangàn yẹn ni a gbé dání wọ ilé ìtajà náà ní ọjọ́ Ẹtì kan. Ẹni tí ó bá mọ̀ wá nígbà náà mọ̀ pé gìtá ni a fi ń gbafẹ́, inú ọgbà yìí ni a sì ti kọ́ ọ. Okùn gìtá wa méjì já, ọmọ-ọmọ wa sì ń fẹ́ ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì tí yóò fi máa ya àwòrán. A kúrò nílé wa ní Ajah ní aago mẹ́ta ọ̀sán, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọkọ̀ sì dá wa dúró ní Jákàńdè fún ìgbà pípẹ́ kí a tó dé ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ti ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun nìkan.

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni ó yí wa ká. Ọ̀kan fi okùn gìtá hàn wá, ọ̀kan gbé agbọ̀n lọ́wọ́ wa, ọ̀kan kàn dúró tì wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀gbẹ́ wa ni ọmọkùnrin kékeré kan wà nínú aṣọ ilé-ìwé, ó di fèrè kan mú, ó fẹ́ bi wọ́n ní iye rẹ̀ torí pé ìwé iye owó ara rẹ̀ ti ya. Ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. A rí i, ṣùgbọ́n a kò ronú nípa rẹ̀ nígbà náà.

Iye tí a rà jẹ́ 20,500 náírà. Bí a ti ń fi káàdì sínú ẹ̀rọ POS, a rí àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kí á má gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọbìnrin tí ń gba owó wò wá lójú, ó ní, "Dádì, ẹ ṣe wá wíkẹ́ńdì o." A fún un ní 500 náírà. Ẹ̀ṣọ́ tí ó wo rìsíìtì wa lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ sí iwájú orí kí wa bí ẹni ń kí ọ̀gá ọmọ-ogun, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín rèé." A fún un ní 500. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi okùn gìtá hàn wá ti gba ọ̀rá lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé a ní kí ó gbé e, ó sì tẹ̀lé wa dé ìdí ọkọ̀. Okùn gìtá àti ọ̀dà kò wúwo. Ó gbé ọ̀rá náà sórí ìjókòó, ó dúró, ó sì fi ọwọ́ nu ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. "Dádì, àwa náà wà níbẹ̀ o."

Níbẹ̀ ni inú ti bí wa. A bá a wí gẹ́gẹ́ bí àlùfáà àti bí àgbà. A ní ọmọ tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ máa tọrọ. A ní àwa nígbà tiwa, wọn kò jẹ́ kí a na ọwọ́ sí àlejò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ títí a fi parí. Nígbà náà ni ó wá dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ má bínú, Dádì. Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, wọ́n sọ fún mi pé owó oṣù ò pọ̀, ṣùgbọ́n pé àwọn oníbàárà ibí máa ń ṣe dáadáa. Ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ yẹn."

Ó fi kún un pé Ṣàngótẹ̀dó ni òun ń gbé, àti pé owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ń gba bí ìdajì ohun tí wọ́n ń san fún òun. A kò rí ohun kan fi fèsì. A fún un ní 1,000 náírà, ó sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti ń wa ọkọ̀ lọ sílé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò létí wa: ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ. Ẹnì kan ti fi wá ṣe onígbọ̀wọ́ owó oṣù ọmọ náà láìsọ fún wa. Ẹnì kan ti ṣe ìlérí ní orúkọ wa, ọmọ náà sì ń béèrè ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un. Àwa wá dúró síbi ìgbọ́kọ̀sí, a ń pè é ní alágbe.

Ẹ jẹ́ kí a wo àṣà ọjà tí a bá láyé. Ọmọ Yorùbá kan kò sí tí kò mọ ènì. Bí ìyá onígàrí bá ti wọn kóńgò tán tí ó kún dé góńgó, yóò tún fi ọwọ́ bù sí i. Bí ó bá gbàgbé, oníbàárà kò ní tijú láti rán an létí. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà ni ènì ti ń wá, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń rà ni ó ń lọ. Kì í ṣe gbèsè, kò sì sí nínú iye ọjà. Ó ń sọ fún oníbàárà pé, a mọ̀ pé o wá, a sì fẹ́ kí o padà wá.

Àṣà náà kò tíì kú ní agbègbè wa. Bí ẹ bá ra òdòdó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n tò ó sínú ìkòkò lẹ́bàá ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ó rí i pé bí ẹ bá ti dúnàá-dúrà tán, wọn a máa bu ilẹ̀ dúdú díẹ̀ sínú ọ̀rá, wọn a ní kí ẹ fi kún un bí ó bá dé ilé. Ní ọjà iṣẹ́ ọwọ́ ní Jákàńdè, níbi tí wọ́n ti ń ta ère, aṣọ àdìrẹ àti ìlẹ̀kẹ̀, a ti ra ìlẹ̀kẹ̀ rí lọ́wọ́ ìyá kan fún ọmọ wa obìnrin tí ó máa ń sín in fún ìgbafẹ́. Ìyá náà ka iye tí a rà, ó dì í, lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó ní, "Èyí tí yóò bá sọnù nìyẹn." Ojú ọ̀nà kan náà ni ọjà yẹn àti ilé ìtajà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wà. Ní ọ̀kan, ẹni tí ń tà ń fún ẹni tí ń rà ní ènì. Ní èkejì, ẹni tí ó ti san gbogbo owó ọjà ni wọ́n ní kí ó mú ènì wá, kì í sì í ṣe fún ẹni tí ó ni ọjà, bí kò ṣe fún ẹni tí ẹni tí ó ni ọjà kò sanwó fún tó. Ènì ti yí padà, a kò sì fura.

Bí ọ̀rọ̀ ìba ti mọ síbẹ̀, à bá fi ìwé yìí ṣe ìbáwí fún àwọn oníṣòwò Lekki nìkan. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, bí a ti ń wọ inú ọgbà ìjọ wa, ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣí ẹnu ọ̀nà fún wa láti ọdún mẹ́fà kí wa bí ó ti máa ń ṣe. A rí i tí ó sáré lọ bá ọkọ̀ ńlá kan, ó ń darí rẹ̀ sí abẹ́ igi, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkọ̀ kékeré kan ń fọn fèrè lẹ́yìn, kò wo apá ibẹ̀. A rántí ọmọ tí ó di fèrè mú ní ilé ìtajà.

Lẹ́yìn ìsìn, a béèrè lọ́wọ́ akápò iye tí ìjọ ń san fún ọkùnrin náà. Ó ní 45,000 náírà lóṣù ni. Ojú tì wá, nítorí àwa ni a fi ọwọ́ sí ìwé ìṣirò náà ní ìparí ọdún. A sọ pé owó yìí kéré. Alàgbà kan, ènìyàn rere tí a bọ̀wọ̀ fún, dá wa lóhùn pẹ̀lú ọkàn kan pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Àwọn ọmọ ìjọ ń ṣe é dáadáa." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ọmọ Ṣàngótẹ̀dó nìyẹn láìyẹ̀ ẹyọ kan. Àwa tí a fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá ọmọ ọlọ́mọ wí níbi ìgbọ́kọ̀sí, àwa náà ń sọ ọ́ nínú ọgbà ilé Ọlọ́run.

Kí ni òfin ilẹ̀ wa sọ? Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tí ó sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà, láti 30,000 tí ó wà láti ọdún 2019. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà tí ń ta ohun ìgbafẹ́ kò ní òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìjọ wa náà kò sì ní. Nítorí náà a kò rú òfin. Ẹ̀wẹ̀, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé kí wọ́n kọ iye ọjà síbi tí a ó ti rí i, àti pé kí wọ́n má ṣe fi ipá gba ohun tí ó ju iye náà lọ. Ilé ìtajà tí a lọ kò rú òfin yìí náà, nítorí kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wa. Ohun tí òfin kò kà léèwọ̀ pọ̀ tí ẹ̀rí-ọkàn kò lè gbà.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ rìn ní ọ̀nà yìí. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Pullman, tí ó ní ọkọ̀ ojú irin tí èrò ń sùn sí, gba àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira láti máa tẹ́ ibùsùn, kí wọ́n máa nu bàtà, kí wọ́n sì máa gbé ẹrù. Owó oṣù wọn kéré gan-an, ọwọ́ àwọn èrò ni wọ́n ń wò. Ọ̀pọ̀ èrò kì í tilẹ̀ béèrè orúkọ wọn. George ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, ìyẹn orúkọ ọ̀gá tí ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi orúkọ olówó pe ẹrú. Ní ọdún 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, A. Philip Randolph sì ni olórí wọn. Ọdún 1937 ni ilé iṣẹ́ náà tó bá wọn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó fi kún owó wọn. Ọdún méjìlá gbáko ni wọ́n fi jà, kí owó iṣẹ́ má baà jẹ́ àánú èrò.

Síbẹ̀, àṣà náà kò tán lọ́hùn-ún. Títí di òní, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí ọ̀gá san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tí ń gba owó ìdúpẹ́, iye náà kò sì yí padà láti ọdún 1991. Bí owó ìdúpẹ́ kò bá mú un dé dọ́là 7.25, ọ̀gá ni ó yẹ kí ó dí i. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lọ́hùn-ún sọ fún wa pé ní ilé ìtajà kéékèèké pàápàá, ẹ̀rọ tí ń gba owó ni ó ń béèrè báyìí pé mélòó ni ẹ ó fi lé e. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin ní kí gbogbo owó ìdúpẹ́ tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ láìyọ nǹkan kan. Ẹ wo àpótí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ POS yẹn: a kò béèrè ẹni tí ń ṣí i ní alẹ́.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, wọ́n kọ́ wa ní ìwàásù lórí Géhásì, a sì ti wàásù rẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Ẹ rántí ìtàn náà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí karùn-ún. Èlíṣà kọ ẹ̀bùn Náámánì, nítorí kò fẹ́ kí ó rò pé a ń ta oore Ọlọ́run. Géhásì sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́-ẹṣin, ó ní ọ̀gá òun ni ó rán òun pé kí ó fún wọn ní fàdákà àti aṣọ. Ẹ̀tẹ̀ ni ó fi gbà. A máa ń fi ìtàn yìí na àwọn òṣìṣẹ́ ní pàṣán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ kan tí àwa kò rí tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni Géhásì pa pé ọ̀gá òun ni ó rán òun. Ní Lekki, òótọ́ ni. Ọ̀gá ni ó rán an.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà nínú Ìwé Rúùtù, orí kejì. Bóásì sọ fún àwọn olùkórè rẹ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún obìnrin àjèjì náà kí ó lè ṣà á, kí wọ́n má sì ṣe bá a wí. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó ni oko ni ó pàṣẹ. Kò ní kí Rúùtù máa tẹ̀lé àwọn èrò ọ̀nà. Ènì ni ohun tí Bóásì ṣe, láti inú oko tirẹ̀ ni ó sì ti mú un jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ìwé Diutarónómì, orí kẹrìnlélógún, ti pàṣẹ kí a san owó alágbàṣe tálákà kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí ibì kan tí ó ti sọ pé kí á ní kí alágbàṣe máa dúró de àánú ẹni tí ń kọjá.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní fífúnni ni àṣà Yorùbá, pé a ń fi owó lé onílù níwájú orí, a ń fún ọmọdé tí a rán níṣẹ́ ní nǹkan. Òótọ́ ni, a kò sì fẹ́ kí àṣà náà kú. Ṣùgbọ́n ìdùnnú ni ó ń mú ni ná owó fún onílù, kò sí ẹni tí ó fi ìyẹn ṣírò owó ilé rẹ̀ fún un. Ẹ̀bùn tí ẹni tí ó gbà á kò lè jẹun alẹ́ láìsí i kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́, owó iṣẹ́ tí ó ṣìnà ni.

Àwọn mìíràn yóò ní ọjà kò yá. A gbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já lulẹ̀ lẹ́yìn náà, ohun tí a ń kó wọlé láti òkèèrè bí okùn gìtá ti gbówó lórí, owó ilé ìtajà ní Lekki kò sì ṣeé sọ. Bí ọ̀gá bá fi kún owó oṣù, iye ọjà yóò gbéra. Ẹ jẹ́ kí ó gbéra, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára ọjà kí gbogbo wa rí i. Bí ó ti wà báyìí, aláàánú nìkan ni ó ń san án, ahun ń kọjá lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ó burú jù ni pé òṣìṣẹ́ ti kọ́ láti máa wo aṣọ ẹni tí ó wọlé. Àwa arúgbó tí a wọ kọ́là àlùfáà ni òṣìṣẹ́ mẹ́ta yí ká. Ọmọ tí ó fẹ́ ra fèrè, tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn owó fèrè, kò rí ẹni dá a lóhùn. Bóyá ó fẹ́ kọ́ orin bí a ti kọ́ ọ níbí. A kò mọ̀ bóyá ó padà rà á.

Kí ni kí á ṣe? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ní ilé ìtajà, ilé oúnjẹ, ilé ìwòsàn tàbí ilé-ìwé tiyín, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gba òṣìṣẹ́ tí ó kẹ́yìn. Ǹjẹ́ ẹ sọ fún un pé àwọn oníbàárà máa ń ṣe dáadáa? Bí ẹ bá sọ ọ́, ẹ ti ná owó tí kì í ṣe tiyín. Ẹ san 70,000 ó kéré tán, bí òfin tilẹ̀ yọ yín sílẹ̀. Ẹ gbé àpótí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ POS. Bí ènì bá máa wà, kí ó ti ọ̀dọ̀ yín wá.

Ẹ̀yin tí ń rà, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ bí a ti sọ. Bí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́kàn yín, ọ̀gá ni kí ẹ béèrè, ẹ sọ ọ́ fún un. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tòní, iṣẹ́ kò lójú ẹni tí ó ga ju ara wọn lọ: ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe ọmọdé tí ó wá ra pẹ́ńsù.

Ní ti àwa, ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ wa. Inú àwọn méjì kò dùn, ṣùgbọ́n láti oṣù tí ó tẹ̀lé e ni ó ti ń gba 70,000. Ọmọ ìjọ tí ó bá fẹ́ fún un ní nǹkan kò ṣẹ̀, ọkùnrin náà kò kàn ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́. Ohun kan ṣì kù tí ó kan àwa gan-an, ìyẹn àpò ìwé tí wọ́n máa ń fi sí wa lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìṣílé. A ti gbà á fún ọgbọ̀n ọdún láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ara wa. A ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tún sọ iye kan fún tọkọtaya mọ́ ní orúkọ wa. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, a kò tíì mọ ohun tí a ó ṣe. A ń gbàdúrà lé e.

A padà lọ sí ilé ìtajà náà láti ra okùn mìíràn. Wọ́n ní ọmọ Ṣàngótẹ̀dó náà kò sí níbẹ̀ mọ́. A kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó ni ibẹ̀, a kò fi ìbínú kọ ọ́, a ṣì ń retí èsì. A wulẹ̀ ronú kan òfin ọjọ́ ìbẹ̀wò wa títí a fi rí ohun tí ìyangàn kò jẹ́ kí a rí tẹ́lẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ lè sọ fún wa pé kí á má na ọwọ́ nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ ń bọ́ wa. Agogo oúnjẹ ń lù ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, àwo wa kì í ṣófo. Ẹni tí ó bọ́ ọmọ ni ó ní ẹnu láti bá a wí pé ó na ọwọ́. Àwa kò bọ́ ọmọ yẹn, ọ̀gá rẹ̀ kò sì bọ́ ọ tó, síbẹ̀ a bá a wí.

Kí Olúwa tí ó bọ́ wa nínú ọgbà yìí dárí rẹ̀ jì wá, kí ó bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí a lè bọ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún wa bí wọ́n ti bọ́ wa níbí. Àmín.